Orúkọ Tí O Ní Kí N Yàn Fún Ẹ̀yìn Aṣọ Rẹ

Wàsíù Àlàó, ọmọ Lásísì, ọmọ ọmọ Bùràímọ̀ tó dáko ní Ìgàndó,

Bí o bá ka ìlà yẹn tán, tún un kà kí o tó máa bọ̀ nísàlẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í ṣáájú ìkíni ni. Ó wá kù kí n kí ọ. Orúnkún rẹ ńkọ́? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Èmi ṣì wà láyé. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ẹnu kò dùn mí. Ìyẹn náà tó.

Ìyá Ẹniọlá ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ayálégbé mi tó wà ní yàrá iwájú. Olùkọ́ ni. Mò ń sọ, ó ń kọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ló ti ní, "Bàbá, bí ọ̀rọ̀ bá le jù, màá bá yín rọ̀ ọ́ díẹ̀." Mo ní, "Ṣé ẹran ni ọ̀rọ̀ mi, tó fi gbọ́dọ̀ rọ̀? Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́." Ó ń rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé ni o pè mí. O ní, "Bàbá, wọ́n ti tà mí."

Mo ní, "Ta ló tà ọ́? Ṣé ewúrẹ́ ni ọ́ ni?"

O ní, "Ẹgbẹ́ mi ni. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn, Bàbá. Ẹgbẹ́ mìíràn ti gbà mí, wọ́n sì ní inú àwọn dùn sí mi."

O wá ní wọ́n ń bi ọ́ pé orúkọ wo ni kí wọ́n kọ sẹ́yìn aṣọ tuntun tí o máa wọ̀ níbẹ̀, pé ìwọ lo ni yíyàn. O ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ yàn án. Ṣé kí n fi tiyín sí i?"

Mo pa fóònù. Bí o bá rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọwọ́ mi ni mo fi pa á. Ìdáhùn rẹ wà nínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Má fò wọ́n lọ sísàlẹ̀. Àgbàlagbà ló ń bá ọ sọ̀rọ̀, kì í ṣe pátákó ojú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dá lórí àwọn tó tà ọ́.

Ní gbogbo sáà tí ẹ fi gbá bọ́ọ̀lù orí yìnyín yẹn, ta ló mọ̀ ọ́n ní Ìkòtún? Yìnyín tí àwa mọ̀ ni èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń fọ́ sórí ẹja. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún àwọn èèyàn pé orí rẹ̀ ni ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, wọ́n bi mí bóyá o ń ta ẹja ni. Jímọ̀ onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ló máa ń bá mi wá eré tí ẹ ti gbá lóru jáde lọ́sàn-án, tí á so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù, tí àwa méjèèjì á sì jókòó sídìí rẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí kì í bà á jẹ́. Kí n tó fìdí kalẹ̀, á ti ní, "Lásísì, jókòó jẹ́jẹ́, ọmọ rẹ ti nà wọ́n." Màá ní, "Jímọ̀, ta ló bi ọ́?" Á ní, "Mò ń gba ẹ̀mí rẹ là ni. Ọkàn àgbàlagbà kò gba irú eré báyìí."

Gbogbo yín máa ń dé akoto, ẹ máa ń wú bí àpò gàrí, ojú ẹnikẹ́ni kì í hàn. Jímọ̀ á máa sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, á máa ka orúkọ ẹ̀yìn aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi wá ọ. Kí ó tó rí ọ, màá ti nawọ́ sí ọ. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ tí o kò mọ̀wé, báwo lo ṣe máa ń mọ̀?" Mo ní kó máa wo eré rẹ̀.

Mo rí iṣẹ́ rẹ níbẹ̀. Ìwọ kọ́ lo ń gbá a wọlé. Àwọn tó ń gbá a wọlé ni wọ́n ń gbé lé èjìká. Ìwọ lo máa ń wó lulẹ̀ síwájú róbà dúdú tí ẹ fi ń ṣe bọ́ọ̀lù yẹn kí ó má bàa dé ojú ilé yín, tí á bà ọ́ ní ìhà, tí á bà ọ́ ní itan, tí wàá sì dìde. Mo rí i. Nígbà tí sáà fi máa parí, wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe eré náà, kò tíì sí ẹgbẹ́ tó borí tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ fọ́ ìtàn àwọn tó ṣáájú yín, ẹ sì wá gba ife lé e. Jímọ̀ fá orí gbogbo oníbàárà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọdún kan náà ni wọ́n tà ọ́. O ń sọ ọ́ bí ẹni pé kò dùn ọ́. Má purọ́ fún mi.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òkè-Odò ni mo dàgbà sí. Èmi ni mo máa ń kọ ebè jù nínú gbogbo àwọn ọmọkùnrin tó wà lóko rẹ̀. Ọdún tí iṣu ta jù, tí àwọn èèyàn ń yà láti ọ̀nà wá wò ó, ọdún náà ló ní kí n máa lọ sílé bàbá mi, pé àwọn ọmọ òun ti dàgbà. Mo gbé ọkọ́ mi, mo ń lọ. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ni mi ò fẹ́ kí o ṣe. Mo fi odindi ọdún kan bínú sí i. Mi ò fọwọ́ kan ilẹ̀. Mo ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé èmi ni mo kọ ebè yẹn. Ebi pa mí, ebè sì wà ní Òkè-Odò, kò tẹ̀ lé mi wá.

Nítorí náà, bí o bá dé ibi tuntun yẹn, má máa sọ fún wọn bí ibi àtijọ́ ti rí. Iṣẹ́ ni kí o bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n má fi gbogbo egungun rẹ fún wọn bí o ti fi fún àwọn ti àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ kì í ṣe ẹbí. Ẹgbẹ́ á pàtẹ́wọ́ fún ọ títí dé ẹnu géètì, á sì ti géètì. Orúnkún méjì péré ni mo bí mọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ìbínú, nítorí mo rí ìyẹn náà.

Mo rí ọjọ́ tí o bọ́ ìbọ̀wọ́ sọ sílẹ̀ tí o kó ìkúùkù bo ọmọkùnrin kan lójú. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé rẹfirí kàn dúró, ó ń wò yín bí ẹni tó ń wo àkùkọ méjì. Nígbà tó rẹ̀ yín tán ni wọ́n tó mú ọ lọ jókòó sínú àpótí onígíláàsì kan létí pápá, bí ìgbà tí wọ́n pàtẹ búrẹ́dì. Mo bi Jímọ̀ pé ta ló máa dí àyè rẹ. Ó ní kò sẹ́ni, pé ìwọ lo kọ́kọ́ nawọ́, ẹnì kan ló máa dín nínú yín títí wọ́n á fi dá ọ sílẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbá róbà náà wọlé yín. O wà nínú gíláàsì, ò ń wò ó.

Èmi náà ti wà nínú gíláàsì rí, Àlàó. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, àwọn kan wá wọn ilẹ̀ wa tó wà lọ́nà Command. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ri irin mọ́lẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́ wa, mi ò béèrè nǹkan kan, mo gbá ọ̀kan nínú wọn létí, mo fọ́ irinṣẹ́ wọn. Ọlọ́pàá gbé mi. Nígbà tí mo wà ní àhámọ́ ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi jókòó láti sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni ì bá sọ pé a kò ní tà á. Èmi nìkan náà ni kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo fi jáde, ilẹ̀ ti lọ. Ilé epo ló wà lórí rẹ̀ lónìí, mo sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá bí mo bá ń lọ kí àbúrò mi.

Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èmi mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn wà tó mọ̀ pé o kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì ń dúró kí o bínú. Bí wọ́n bá tọ́ ọ níbi tuntun yẹn, wo ẹni tó máa jèrè bí o bá lọ jókòó sínú gíláàsì. Lẹ́yìn náà kí o wá ṣe ohun tó bá wù ọ́.

Ọ̀rọ̀ kẹta ló nira fún mi. Ìyá Ẹniọlá ti sinmi ọwọ́ díẹ̀, ó ti mu omi. Mo ti ní kó múra sílẹ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ kú, o ṣì kéré. Àbúrò mi Múyíbátù wá láti òkè òkun pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Adémúyìwá. Wọn kò bímọ. Múyíbátù kúnlẹ̀ nínú yàrá mi, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ fún mi ní Wàsíù, kí n bá yín tọ́ ọ." Kí ló burú níbẹ̀? Ṣé wọn kò fi èmi náà fúnni tọ́ ni? Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Òkè-Odò, kò sẹ́ni tó pè mí ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọmọ Bùràímọ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ ni a máa ń fi fúnni tọ́, a kì í fi orúkọ bàbá rẹ̀ kún un.

Wọ́n ní òfin òyìnbó kò mọ irú ìyẹn, pé ilé ẹjọ́ ló máa fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè mú ọ lọ. Mo tẹ̀ lé wọn. Lọ́yà ka ìwé kan tó gùn bí ọ̀nà Ìpájà. Adájọ́ náà, obìnrin tó ní sùúrù, yọ awò ojú rẹ̀, ó kọjú sí mi, ó fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ohun tí wọ́n kà yìí yé yín dáadáa? Ṣé ẹ mọ̀ pé láti òní lọ..."

Mo wo ẹ̀yìn. Gbogbo èèyàn ń wò mí. Adémúyìwá wọ kóòtù tó mú, ó ń wò mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí mi bí ará oko. Mo já obìnrin náà lẹ́nu. Mo ní, "Ó yé mi." Mo sì tẹ̀ka.

Kò yé mi. Ọjọ́ tó yé mi ni ọjọ́ tí Jímọ̀ kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn aṣọ rẹ fún mi lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Lásísì, Adémúyìwá ni wọ́n kọ síbí." Mo ní kó wò ó dáadáa, bóyá ẹlòmíràn ni. Ó ní ìwọ ni.

Ìwọ mọ̀wé, wàá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn ọ́. Ó kàn ọ́. Ìwé tí wọ́n máa gbé wá fún ọ níbi iṣẹ́ tuntun yẹn á gùn, àwọn tó máa gbé e wá á wọ kóòtù tó mú. Bí ìlà kan kò bá yé ọ, sọ lójú gbogbo wọn pé kò yé ọ. Kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn á tán kí wọ́n tó dé ilé. Tèmi, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín nígbà náà, wọ́n sì wá fi mí rẹ́rìn-ín ní Bàrúwà lọ́jọ́ ife yín.

Ìyá Ẹniọlá ní, "Bàbá, ẹ fi ọ̀rọ̀ ife yẹn sílẹ̀, jàre. Ọmọ náà ti bẹ̀ yín." Mi ò ní fi í sílẹ̀.

O sọ fún mi pé àṣà yín ni, pé ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó gba ife ní ọjọ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀, kó gbé ife lọ síbi tó bá wù ú láyé. Àwọn kan gbé e lọ sí etí òkun, àwọn kan gbé e lọ sí ìlú tí wọ́n ti bí wọn. Mo ní, "Níbo lo máa gbé tìrẹ lọ?" O ní, "Ilé ni, Bàbá." Mo gbọ́ ilé. Mo gbá iwájú ilé, mo kun géètì, mo yá àga lọ́dọ̀ àwọn mọ́ṣáláṣí. Mo sọ fún Ìkòtún, mo sọ fún Ìgàndó. Àṣé ilé tí Adémúyìwá padà wá kọ́ sí Bàrúwà lò ń wí.

Mo lọ sí Bàrúwà, nítorí bàbá ni mí. Ife náà wà lórí tábìlì lábẹ́ àtíbàbà, ó ń dán, ó ga ju ọmọdé lọ. Òyìnbó kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun dúró tì í, kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀ bí ìgbà tó ń ṣọ́ ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Ọkùnrin tó mú máìkì sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀, ó wá ní, "Kí bàbá ọmọ bọ́ síwájú."

Mo dìde. Adémúyìwá náà dìde.

Ọkùnrin yẹn wo èmi, ó wo òun. Ó ní, "Bàbá méjì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò rí i pé kò sí bí ọmọ yìí kò ṣe ní gba ife. Àwa tí bàbá wa jẹ́ ẹyọ kan, ibo la gbé e dé?" Gbogbo àtíbàbà wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Múyíbátù fa etí agbádá mi. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run." Adémúyìwá nawọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Bí ẹni tó yọ ẹran fún mi láti ẹnu rẹ̀. Mo jókòó.

Mo wo ojú rẹ, Wàsíù. O ń wo bàtà rẹ.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, o gbé ife náà wá síbi tí mo jókòó sí, òyìnbó ń tẹ̀ lé ọ. O mú ìka mi, o fi lé ibì kan lára irin náà, o ní, "Bàbá, orúkọ mi nìyí." Mo fọwọ́ pa á. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ni, wọ́n tutù. Mo ní, "Èwo ni tèmi níbẹ̀?" Ẹnì kan da mọ́ọ̀tì, ọtí tí kì í pani, sínú ife náà, o ní kí n mu, pé ire ni fún ẹni tó bá mu nínú rẹ̀. Mo ní mo gba ààwẹ̀. Èmi tí mo ti jẹ àwo ìrẹsì kan tán lójú gbogbo wọn.

Mo ní kí o gbé e wá sí Ìgàndó. Kì í ṣe nítorí àsè, mi ò pa ẹran. Mo fẹ́ kí o gbé e kalẹ̀ ní ìdí pèrègún tí bàbá mi gbìn sí ààlà, kí ó dúró síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń kírun, kí ẹ sì máa gbé e lọ. O ní, "Màá gbé e wá kí oòrùn tó wọ̀, Bàbá." Mo sáré ṣáájú lọ síbẹ̀. A jókòó. Áfà wà níbẹ̀, Jímọ̀ wà níbẹ̀, àwọn alápaalà wa tí ilẹ̀ wọn bá tiwa pààlà wà níbẹ̀. A kírun Àsárì, o kò dé. A kírun Màgáríbì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga jọ. Jímọ̀ ní, "Lásísì, ṣé yìnyín ni wọ́n fi ṣe ife ọ̀hún ni? Ó jọ pé ó ti yọ́ sí ọ̀nà Command." Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Lẹ́yìn náà lo pè pé òyìnbó oníbọ̀wọ́ funfun ní àsìkò ti tó, pé ọkọ̀ òfuurufú kò ní dúró. Ife tó gba orí òkun wá, kò lè ti Bàrúwà dé Ìgàndó. Mo ní kò burú. Ó burú.

Ní báyìí, ohun tí o bi mí. Má fi orúkọ mi sẹ́yìn aṣọ náà.

Ìyá Ẹniọlá ti dáwọ́ dúró, ó ń wò mí. Kọ ọ́, arábìnrin. Má fi orúkọ mi sí i.

Lẹ́yìn ọjọ́ ife yẹn, Múyíbátù wá sọ́dọ̀ mi, ó sunkún. Nígbà tó fẹ́ máa lọ ló sọ ohun kan. Ó ní nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ eré yẹn, ọwọ́ rẹ kò lágbára tó láti fa okùn bàtà onírin náà le, pé Adémúyìwá ló máa ń kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù lówùúrọ̀, nínú kóòtù iṣẹ́ rẹ̀, á de ẹsẹ̀ kan, á de ìkejì, á wá máa lọ síbi iṣẹ́. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ó wù mí kí ó jẹ́ èèyàn búburú. Ì bá rọrùn fún mi.

Ọkùnrin tó kúnlẹ̀ de bàtà fún ọmọ mi, mi ò lè ní kí wọ́n mú un dìde lójú èrò, kí wọ́n tún wá ní kó jókòó. Wọ́n ti ṣe é fún mi. Mo mọ bó ṣe ń rí. Bí o bá bó orúkọ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ nítorí pé àánú mi ṣe ọ́, ohun tí wọ́n ṣe fún mi ní Bàrúwà ni ìwọ náà ṣe fún un, èmi ni wàá sì fi ṣe àwáwí. Mi ò gbà. Jẹ́ kí ó wà níbẹ̀.

Má rò pé mo ti dárí jì í. Mi ò tíì dárí jì í. Ìwọ náà, mi ò tíì dárí jì ọ́. Mò ń sọ ohun tó tọ́ ni, kì í ṣe ohun tó wù mí.

Ohun kan tún wà tí o gbàgbé, Àlàó. Mi ò mọ̀wé. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sẹ́yìn rẹ, ìlà wẹ́wẹ́ ni lójú mi. Jímọ̀ ló nílò rẹ̀, àwọn òyìnbó ló nílò rẹ̀. O fẹ́ mọ bí mo ṣe máa ń nawọ́ sí ọ láàárín àwọn àpò gàrí yẹn? Bí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, èjìká òsì rẹ ló kọ́kọ́ máa ń lọ, wàá wá ká orúnkún, wàá gbé ìdí sẹ́yìn díẹ̀. Bí bàbá mi ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ebè nìyẹn. O kò bá a láyé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Adémúyìwá kò lè fún ọ ní ìyẹn, ilé ẹjọ́ kò sì rí i gbà lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyí, orí rẹ̀ ni mo sì máa dákẹ́ sí. Ilẹ̀ tó kù fún wa ní Ìgàndó kò tó nǹkan. Àárín ilé méjì ló wà, pèrègún bàbá mi ló sì sọ ibi tó parí sí. Ọ̀kan ti kú láàárín, àlàfo wà níbẹ̀. Mo lè fi òmíràn dí i, mi ò fẹ́. Ní tiwa, àwọn alápaalà kì í béèrè ìwé kí wọ́n tó mọ ọmọ ẹni. Ẹni tí wọ́n bá rí tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbin pèrègún sí ààlà bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa ń dá mọ̀ bí bàbá bá kú. Mẹ́ta nínú wọn ló kù láyé, àgbàlagbà bíi tèmi. Bí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá lọ kí o tó dé, o lè gbé ife mìíràn wá nígbà náà, kò ní sẹ́ni tó máa mọ ibi tó yẹ kí o gbé e kalẹ̀ sí.

Má gbé ife wá. Má mú òyìnbó oníbọ̀wọ́ funfun wá. Wá ní ìgbà òjò, kí ó lè hù. Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní yá àga.

Ìyá Ẹniọlá ní lẹ́tà kò pé bí kò bá ní àmì ẹni tó ni ín. Ó ti fi báírò kun àtàǹpàkò mi kí n tó mọ̀. Mo ti nù ún sára ṣòkòtò mi. Ọjọ́ tí mo tẹ̀ka sí ìwé kẹ́yìn, ìwọ ni mo fi lọ. Mi ò tẹ̀ka mọ́. Bí o bá fẹ́ mọ ẹni tí lẹ́tà yìí ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, padà sí ìlà àkọ́kọ́.